Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti jáde pè mí síbi àpérò dísáìn: kí ni kí n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ?

ÀmìOhùn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí kí ọjọ́ tó pé.

Yabatech ni mo ti kọ́ iṣẹ́ gráfíìkì, láti ND títí dé HND, kí n tó wá sí London, níbi tí mo ti ń ṣe dísáìn fún ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn èèyàn ń gba orí fóònù wọn fi owó ránṣẹ́ sílé. Ní oṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé láti ẹ̀ka tí mo ti jáde pé wọ́n ń ṣètò àpérò kan lórí iṣẹ́ dísáìn, pé wọ́n sì fẹ́ kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ fún 40 ìṣẹ́jú nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n fi sọrí Yusuf Grillo. Ẹni tó bá kàwé níbẹ̀ yóò mọ ìdí tí àyà mi fi ń já díẹ̀. Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀, Grillo sì ṣe olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún 25. Òun ló ṣe àwọn fèrèsé onígíláàsì aláwọ̀ tó wà ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan, àwọ̀ aró tó sì máa ń pọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí n wá dúró nínú gbọ̀ngàn irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí n máa fi bọ́tìnnì ojú fóònù han àwọn èèyàn!

Mo ti kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ ná. Mo to àwọn iṣẹ́ tí mo ti ṣe tẹ̀ léra, láti orí ìwé ìpolówó tí mo ṣe fún oníbúrẹ́dì kan ní Ọ̀jọ́ta títí dé èyí tí mò ń ṣe lọ́wọ́, mo sì fi bí mo ṣe gba físà àti bí mo ṣe ríṣẹ́ kún un. Àbúrò mi obìnrin, tí iṣẹ́ wa kò kàn rárá, wò ó tán, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rí ni ẹ fẹ́ lọ jẹ́ yìí, ó ku kí wọ́n dá orin ọpẹ́.” Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè ṣí ìwé náà wò mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí: kí ló yẹ kí ẹni tó ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ padà lọ sọ fún àwọn tó ṣì wà níbẹ̀, tó fi máa wúlò fún wọn lẹ́yìn ọjọ́ náà? Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ tó kọ́ mi yóò wà níjòókòó pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí kò tíì délẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ tí yóò dà bí ẹni pé mo mọ̀ jù wọ́n lọ. Wọn kò sì mẹ́nu ba owó nínú lẹ́tà náà. Ṣé kí n béèrè ni, àbí kí n dákẹ́?

Bàbá Olùkọ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, o sì kú oríire. Èmi ti fẹ̀yìn tì báyìí, ṣùgbọ́n poli ni mo ti fi iṣẹ́ olùkọ́ jẹun, kì í ṣe Yabatech, mo sì ti jókòó níbi irú àpérò yìí débi pé mo lè ka ọ̀rọ̀ àlejò ṣáájú òun fúnra rẹ̀. Yóò sọ bí bàbá òun kò ṣe fẹ́ kí òun ṣe iṣẹ́ ọnà, yóò sọ bí òun ṣe ń mu gàárì láàárọ̀ lálẹ́, yóò fi àwòrán ara rẹ̀ níwájú ilé gogoro kan hàn, lẹ́yìn náà ni yóò ní bí òun bá rí i ṣe, ẹ̀yin náà yóò rí i ṣe. Gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Wọn á pín ráìsì. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò lè ṣe ohun tí kò lè ṣe lánàá. Àbúrò rẹ ríran.

Èyí tí èmi fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí o tú u palẹ̀ níwájú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: ohun tí oníbàárà béèrè, ohun tí o kọ́kọ́ yà, èyí tí wọ́n kọ̀, ìdí tí wọ́n fi kọ̀ ọ́, iye tí ó ná wọn, àti ohun tó wá ṣẹ́ kù nílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n kọ̀ yẹn ni kí o fi hàn jù, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí wọn níbì kankan. Iṣẹ́ tó ti parí nìkan ni wọ́n ń rí, wọ́n á sì máa rò pé bó ṣe jáde lórí ẹni tó ṣe é gan-an nìyẹn.

Àsíá Nàìjíríà ni èmi máa ń lò fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ìjọba ń wá àsíá tuntun ní ọdún 1959, Taiwo Akinkunmi, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, tó ń kàwé ní London nígbà náà, fi àwòrán tirẹ̀ ránṣẹ́. Aláwọ̀ ewé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti funfun láàárín ni, bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, àfi pé òòrùn pupa kan wà lójú funfun náà pẹ̀lú ìtànṣán rẹ̀. Àwọn tó ń ṣèdájọ́ yọ òòrùn náà kúrò, wọ́n gba ìyókù, òun sì ni wọ́n fà sókè ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1960. Màá ya méjèèjì sójú pátákó, màá sì ní kí kíláàsì máa jiyàn. Àwọn kan á gbèjà òòrùn náà bí ẹni pé ìyá wọn ló yà á. Tó bá ṣe díẹ̀, ẹnì kan á béèrè pé báwo ni télọ̀ yóò ṣe máa gé ìtànṣán kọ̀ọ̀kan tí yóò sì máa rán an mọ́ aṣọ ní iwájú àti ní ẹ̀yìn. Ẹlòmíràn á ní ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wo ni yóò lè yà á sínú ìwé. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, tí kì í sọ̀rọ̀, á béèrè ohun tí òòrùn náà yóò jọ bí atẹ́gùn kò bá fẹ́, tí àsíá náà kàn so rọ̀ jọwọrọ lára òpó. Wákàtí méjì kì í tó wa. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń rí i pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi lógò tiwọn náà ní irú ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó gbé e wá fún mi.

Ní ti àwọn olùkọ́ rẹ, tètè dé ju àkókò lọ, kí o sì lọ kí wọn nínú ọ́fíìsì wọn ṣáájú ohunkóhun. Níbẹ̀ ni kí o ti kúnlẹ̀, kì í ṣe lórí pèpéle tí gbogbo fóònù yóò ti máa ya ọ́. Bí o bá wá gba máíkì, kí olórí ilé-ẹ̀kọ́, kí díìnì tó ń ṣàkóso àwọn ẹ̀ka, kí olórí ẹ̀ka rẹ, kí àwọn ìyókù lápapọ̀, kí o sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀. Má bẹ̀rù pé iṣẹ́ rẹ jẹ́ tuntun. Dárúkọ ohun kan tí wọ́n kọ́ ọ tí o ṣì ń lò. Ẹni tó fi búrọ́ọ̀ṣì kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ojú wọn àlàfo tó wà láàárín A àti V kí wọ́n má baà dà bí ẹni tó ń bá ara wọn jà ti kọ́ ọ ní iṣẹ́ tí o ń ṣe lórí fóònù lónìí. Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú àpẹẹrẹ, inú wọn yóò dùn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń fi yíyà lọ́wọ́ kọ́ àwọn kì í ṣe ìyà.

Owó ńkọ́? Má béèrè. Ilé rẹ ni.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ kú àṣàrò o, Bàbá. Àǹtí, ẹ kú oríire ìpè yìí. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń tú iṣẹ́ náà palẹ̀, ẹ má parí rẹ̀ sí ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ tú u dé ibi tí íǹkì ti kan ìwé.

Ẹni tó bá wọkọ̀ ní Yábàá, tó kọjá Jíbówú àti Fádéyì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù mi, nítorí náà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yabatech pọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni wọ́n, ojú wọn sì mọ́ ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo, àti ọ̀pọ̀ tó ti jáde tipẹ́, máa ń gbé iṣẹ́ tí wọ́n fi àwọ̀ iná ṣe wá fún ẹ̀rọ tó ń fi íǹkì ṣiṣẹ́. Àwọ̀ ewé tó ń tàn yinrin lójú fóònù, iná ló ń tàn án láti ẹ̀yìn. Íǹkì mẹ́rin ni èmi ní, séyánù, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú, kò sì sí bí mo ṣe lè pò wọ́n tí yóò fún mi ní àwọ̀ yẹn. Bí iṣẹ́ bá jáde tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, wọ́n á ní ẹ̀rọ mi ti gbó. Òmíràn kì í fi mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ ní etí iṣẹ́ fún ọ̀bẹ. Bí a bá gé e, ìlà funfun tínrín á yọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ojú kì í sì í kúrò lára rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àmì orí lẹ́tà. Oníbàárà kan gbé ìwé ètò ìsìnkú wá láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ tí wọ́n fi CorelDRAW, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ṣe, olóògbé náà sì ní oríkì gígùn tó kún ojú ìwé kan gbáko. Ẹni tó ṣe dísáìn náà kò yí àwọn lẹ́tà padà sí ohun tí àwa ń pè ní curve, ìyẹn ni pé kí lẹ́tà di àwòrán lásán, irú ojú lẹ́tà tó sì lò, èyí tí a ń pè ní fọ́ǹtì, kò sí lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù. Bí a ṣe ṣí i, gbogbo ọ di àpótí òfìfo, àmì ohùn sì sún kúrò lórí lẹ́tà tirẹ̀ lọ jókòó sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ọmọ iṣẹ́ mi tètè rí i kí a tó ṣe pléètì, irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé. A pe ayàwòrán náà lórí fóònù, ó wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, kò gbé kọ̀ǹpútà dání, ìsìn ìdágbére sì ku ọ̀la. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi la jókòó tún oríkì náà tẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí ìyá àgbà kan láti inú ẹbí sì ń kà á sí wa létí láti inú fóònù. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè Yorùbá ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ń fi ọwọ́ to lẹ́tà òjé lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò yẹ kí ó jẹ́ ayé kọ̀ǹpútà ni oríkì èèyàn yóò ti di àpótí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé bí àpérò bá parí, kí ẹ kó àwọn tó bá fẹ́ tẹ̀ lé yín wá sí ọ̀dọ̀ mi. Màá tan ẹ̀rọ náà fún wọn. Wọn á rí pléètì mẹ́rin fún àwòrán kan ṣoṣo, wọn á rí bí àmì etí ìwé ṣe ń fi hàn wá pé àwọ̀ kan ti sún díẹ̀, màá sì fún wọn ní awò tí a fi ń wo ìwé kí wọ́n fi wo ojú èèyàn lórí pósítà kan. Ẹni tí kò bá tíì fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń dán yẹn kò ju tótòtó aláwọ̀ mẹ́rin lọ, kò tíì mọ ohun tó ń fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé.

Ọ̀dọ́ Ayàwòrán

Ẹ kú àárọ̀ sà, ẹ kú àárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mo jẹ́, mo wà ní HND ọdún kejì ní poli mìíràn, mo sì rò pé ó yẹ kí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ náà lanu.

Owó ni a fẹ́ gbọ́. Kì í ṣe iye tí ẹ ń gbà ní London o, nítorí ìyẹn yóò kàn mú orí wa gbóná. A fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń dá owó lé iṣẹ́, èló ni kí á gbà sílẹ̀ kí á tó bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe mélòó ló yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́, ta ló ni fáìlì tí a fi ṣe iṣẹ́ náà, àti ohun tí a lè ṣe fún oníbàárà tó ti gbé iṣẹ́ wa sórí ìkànnì rẹ̀ tó sì ń wo ìpè wa níran. Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú áàpù PixelLab àti Canva, fún ìwé ìpolówó ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ìbí, àti àwọn tó ń díje nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn ló ń pè é ní iṣẹ́ kékeré. Ní báyìí, wọ́n ti ń fi àwòrán tí ẹ̀rọ AI ṣe ránṣẹ́ sí wa pé kí á kàn bá àwọn tún lẹ́tà inú rẹ̀ kọ, kí á sì gba owó lẹ́tà nìkan.

Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wa pé kí á nífẹ̀ẹ́ iṣẹ́ wa. A nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rí wa rẹ́ jẹ.

Ohun kan kù. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ sọ fún àwọn tó ṣètò pé kí wọ́n má ní kí á kọ ìbéèrè sínú ìwé péńpé kí wọ́n tó yàn nínú rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó dáa kì í jáde nínú àpótí yẹn.

MoMọLáyípo

Mo kí gbogbo ilé, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá kí n tó takò wọ́n. Bàbá, ẹ má bínú, ẹ ti pàṣẹ pé kí ó má béèrè owó, ọmọdé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán pé ohun tí àwọn fẹ́ kọ́ ni bí a ṣe ń béèrè owó. Báwo ni obìnrin náà yóò ṣe dúró níwájú wọn, kí ó máa kọ́ wọn pé kí wọ́n gba owó sílẹ̀, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ fi owó ara rẹ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú wá sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́? Ní àpérò tí wọ́n pè mí sí nílé-ẹ̀kọ́ kan, wọ́n sanwó fún onítẹ́ǹtì, wọ́n sanwó fún olóúnjẹ, wọ́n sanwó fún ẹni tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá. Àwa tí wọ́n tìtorí wa gba tẹ́ǹtì náà, àwo onígíláàsì ni wọ́n fún wa, wọ́n sì ṣi orúkọ mi kọ sára rẹ̀. Àwo náà wà nílé mi ní Ìbàdàn, lórí fìríìjì.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ kọ lẹ́tà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ béèrè bóyá ètò wà fún owó ọkọ̀ àti owó ìmọrírì, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ rò. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi owó àpò wọn ṣe é, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ fi jì wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ kan ló ń ṣe onígbọ̀wọ́, ẹ gbà á, ohun tí ẹ bá wá fi owó náà ṣe di ọwọ́ yín.

Nípa iṣẹ́ kan ṣoṣo, mo gbà, àmọ́ ẹ fara balẹ̀ yàn án. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ London wá, ẹ rántí pé ẹni tó ń kọ̀wé inú rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń fi í wò lára àwọn èèyàn wà lọ́tọ̀, àwọn tó ń kọ kóòdù sì wà ní yàrá kejì. Ọmọ tó wà níwájú yín ni gbogbo wọn, lórí fóònù kan tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ. Bí kò bá sí ibi tí òun lè ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà, yóò kàn máa wò yín bí ẹni ń wo fíìmù ni.

Bàbá Olùkọ́

Mo gbọ́, mo sì rẹ́rìn-ín sí àwo orí fìríìjì. N kò ní jiyàn púpọ̀. Kí ó kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kí ó kọ ọ́ sí olórí ẹ̀ka nìkan, kí ó má ṣe jẹ́ pé akọ̀wé ìgbìmọ̀ ni yóò kọ́kọ́ kà á fún gbogbo ọ́fíìsì. Ìlànà ni mò ń sọ. Lórí owó fúnra rẹ̀, ẹ ti borí mi.

ÀmìOhùn

Ẹ ṣé púpọ̀, Bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Mo ti pa ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn rẹ́ pátá, ọ̀rọ̀ atẹ̀wé wa lórí oríkì ló sì jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ tí màá tú palẹ̀. Bí orúkọ Yorùbá ṣe ń hàn lórí fóònù àwọn oníbàárà wa ni.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé nínú orúkọ bíi Ṣẹ́gun tàbí Ṣadé, Ṣ máa ń fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ díẹ̀, ó sì máa ń dúdú jù wọ́n lọ, bí ẹni pé fóònù yá a ní ibòmíràn. Ó yá a lóòótọ́. Àwọn tó ṣe fọ́ǹtì tí a ń lò ti rántí èdè Vietnam, èdè yẹn sì ní ẹ àti ọ bíi tiwa, nítorí náà méjèèjì wà nínú fọ́ǹtì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ronú kàn wá. Vietnam kò ní ṣ. Bí fóònù bá dé ibẹ̀ tí kò rí lẹ́tà náà, á lọ mú un nínú fọ́ǹtì mìíràn. Lẹ́tà ń tiwa wà níbẹ̀ nítorí pé àwọn ará Poland ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì ohùn lórí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà méjì ni wọ́n ń so pọ̀, ti lẹ́tà àti ti àmì, ẹni tó ń ṣe fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ fi ibi tí àmì yóò dúró sí hàn lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá fi hàn, àmì náà á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Ṣómólú.

Àwọn tí wọ́n kọ̀ tí Bàbá ní kí n fi hàn wà nínú iṣẹ́ yìí dáadáa. Àbá àkọ́kọ́ tó wá sí tábìlì ni pé kí a yọ gbogbo àmì kúrò lára orúkọ, ó rọrùn, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. A fi ìgbà kan gbìyànjú àtifi àyè kún àárín ìlà kan àti èkejì, nítorí orí bọ́tìnnì ń gé àmì tó wà lórí lẹ́tà ńlá dànù, ṣùgbọ́n ojú ewé náà gùn débi pé bọ́tìnnì tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ wọlé sí ìsàlẹ̀, àwọn oníbàárà kò sì rí i mọ́. Fọ́ǹtì la pààrọ̀ nígbẹ̀yìn. Mo ní àwòrán gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́, títí kan èyí tó burú jù, níbi tí orúkọ oníbàárà kan ti já sí méjì.

Ẹ̀gbọ́n MoMọLáyípo, ẹ fẹ́ ibi tí ọmọ yóò ti fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Kí n tó fi síláìdì kankan hàn, màá ní kí olúkúlùkù ṣí PixelLab tàbí ohun tó bá ń lò, kí ó kọ orúkọ kan tó ní ṣ àti ẹ tàbí ọ olámì, kí ó pààrọ̀ fọ́ǹtì ní ìgbà bíi mélòó kan, kí ó sì fi ohun tó rí han ẹni tó jókòó tì í. Mo mọ̀ pé gbọ̀ngàn náà á dàrú fún ìgbà díẹ̀. Mo fẹ́ kí ó dàrú. Àbúrò wa tó wà ní HND, mo ti ya 15 nínú 40 ìṣẹ́jú náà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè látẹnu yín, màá sì mú ìwé ìdáyelé iṣẹ́ kan dání, tí mo ti pa orúkọ oníbàárà rẹ́, tí ẹ ó rí iye àtúnṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́ àti ọjọ́ tí owó àsansílẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó mú pẹ́ńsù.

Mo ti kọ lẹ́tà owó náà sí olórí ẹ̀ka nìkan. Bí wọ́n bá fún mi ní ohunkóhun, ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ṣómólú ni màá fi sanwó rẹ̀, ohun tó bá kù á wọnú ìwé àti íǹkì. Ẹ̀gbọ́n Atẹ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, èèyàn mélòó ló lè dúró yí ẹ̀rọ yín ká láìdí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín lọ́wọ́, ṣé ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ sì bá yín lára mu, àbí iṣẹ́ ìsìnkú òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń gba gbogbo ọjọ́ yẹn?